Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí Kò Gbọdọ̀ Ṣí

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Wọn kò tíì pàdé Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Omi ìlú wa ni wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin yìí kò ga, ṣùgbọ́n ó ti pàṣẹ pé kí wọ́n gé ẹsẹ̀ gbogbo àga tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ kúrú, àfi tirẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá wá rí i á jókòó bí ẹni tó ń fọ abọ́, á sì máa wòkè. Orúkọ oyè mẹ́ta ló fún ara rẹ̀: Orísun, Ìṣàn-tí-kì-í-gbẹ, àti Bàbá Gbogbo Ẹ̀rọ. Bí ẹ bá kí i tí ẹ gbàgbé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á wò yín bí ẹni tó ń wo páìpù tó ń jò, ẹ̀yin fúnra yín á sì tún ìkíni náà bẹ̀rẹ̀.

Ó ní ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, dúdú, tí ọ̀gá àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Imú rẹ̀ gùn débi pé bí ó bá ti wọ géètì, ẹ ṣì máa dúró díẹ̀ kí ẹ tó rí Ọ̀gá. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ẹyẹ fàdákà kan wà, tó na ìyẹ́ bí ẹni fẹ́ fò. Láràárọ̀ ni Bàbá Dírẹ́bà máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí nílé Ọ̀gá, á bu omi kẹ́tùlù kan sí radiétọ̀ tó ń jò, á bá bátìrì tó ti darúgbó sọ̀rọ̀ díẹ̀, á sì pa á dé. Lẹ́yìn náà, àwọn akọ̀wé mẹ́fà tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá á bọ́ kóòtù, wọ́n á máa ti ọkọ̀ tòun ti Ọ̀gá lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ má rò pé ìtìjú ni. Ọ̀gá ti sọ títì yìí di ayẹyẹ. Akọ̀wé Àgbà, ẹni tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà, ló máa ń rìn níwájú, á máa ka ìṣísẹ̀: "Ọ̀kan, fún Orísun. Èjì, fún Ìṣàn. Ẹ̀ta, fún Bàbá Gbogbo Ẹ̀rọ." Bí ẹ́ńjìnnì bá gbé e, wọ́n á pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ṣé," Ọ̀gá á sọ láti ojú fèrèsé. "Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi."

Bó ṣe rí nìyẹn títí di ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí wọ́n jí bátìrì ilé ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí bátìrì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Lórí òkè kan lẹ́yìn ìlú ni ẹ̀rọ ńlá tó ń fa omi wà. Bátìrì ńlá kan ló ń jí ẹ̀rọ náà. Bí kò bá sí bátìrì, ẹ̀rọ á sùn, bí ẹ̀rọ bá sì sùn, ìlú ò ní rí omi wẹ. Ọkùnrin kan ló ń ṣọ́ géètì ibẹ̀ láti ọdún méjìlélógún, Bàbá Géètì là ń pè é. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ náà lòun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ mẹ́rin ń gbé. Àbúrò Bàbá Dírẹ́bà ni ìyàwó rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà ni bátìrì pòórá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá Dírẹ́bà gbé kẹ́tùlù dé ilé Ọ̀gá, ó bá ṣéènì lára ọkọ̀. Ṣéènì náà gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjá, ó gba abẹ́ ọkọ̀ padà, àgádágodo tó tó orí ọmọ tuntun sì wà lójú rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ sà, Orísun, Ìṣàn-tí-kì-í-gbẹ, Bàbá Gbogbo Ẹ̀rọ," ni Bàbá Dírẹ́bà wí. "Kí ló ṣe ọkọ̀?"

"Ààbò," ni Ọ̀gá dáhùn. "Àwọn olè bọ́nẹ́ẹ̀tì ti wọ̀lú."

"Olè bọ́nẹ́ẹ̀tì?"

"Ìwọ ò gbọ́? Wọ́n ń jí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àtijọ́ káàkiri. Wọ́n ń fi ṣe ọnà sára ògiri."

Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin yìí ń pe ẹni tó fi ọdún méjìlá jù ú lọ ní "ìwọ". Kì í ṣe àṣìṣe. Ó ní ipò kì í kí ọjọ́ orí.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, sà, kí n bu omi sí i."

"Kò sẹ́ni tó máa rí kọ́kọ́rọ́ yìí. Ọrùn mi ló wà. Èmi fúnra mi ti bu omi sí i." Lóòótọ́ ló bu ú, ìdajì wọ radiétọ̀, ìdajì wọ bàtà rẹ̀. "Wọlé, ká máa lọ."

Àwọn akọ̀wé mẹ́fà ti bọ́ kóòtù. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti la ẹnu láti ka ọ̀kan. Bàbá Dírẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì sì gbé e lẹ́ẹ̀kan náà bí ọkọ̀ tuntun. Akọ̀wé kan tó ti gbára lé ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣubú.

"Iṣẹ́ ìyanu," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí. "Orísun fọwọ́ kàn án, ó yè."

"Mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án," ni Ọ̀gá wí. "Mo kàn wò ó ni."

Ẹ fi ìyẹn sápò. Bàbá Dírẹ́bà náà fi sápò.

Ní agogo mẹ́wàá, Ọ̀gá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ìlú ò ní omi fún ọjọ́ kẹta, àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ omi ló fẹ́ sọ.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "kí ni bọ́nẹ́ẹ̀tì? Ẹ má dáhùn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni iwájú orí ọkọ̀. Ọkọ̀ ni iwájú orí ọ̀gá. Ọ̀gá ni iwájú orí ìlú. Ẹni tó bá jí bọ́nẹ́ẹ̀tì mi, orí gbogbo yín ló gbé lọ. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fara kan bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Kò gbọdọ̀ fara tì í. Ẹni tó bá wò ó ju ìṣẹ́jú kan lọ, kó kọ ìwé àlàyé."

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ìwé àlàyé mọ́kànlá ló wọlé. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, "Mo ń kọjá lọ ni, ẹyẹ náà ló kọ́kọ́ wò mí."

Lọ́jọ́rú ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ Bàbá Géètì. Wọ́n fi í sórí àga kúkúrú.

"Níbo lo wà nígbà tí wọ́n jí bátìrì?" ni Ọ̀gá bi í.

"Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni mo lọ jẹ́, sà. Ẹ ní kí n gbé àga yín tó wà ní ilé ẹ̀rọ lọ sí ilé yín, kí wọ́n pààrọ̀ fóòmù rẹ̀."

"Mo ní kí o gbé àga. Ṣé mo ní kí o fi géètì sílẹ̀?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé àga lọ, sà, tí mi ò ní fi géètì sílẹ̀?"

"Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi. Ó yẹ kí o gbé géètì dání."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà kọ ọ́ sínú ìwé: Ó yẹ kó gbé géètì dání.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Bàbá Géètì wí. "Mo mọ bátìrì yẹn bí mo ṣe mọ ọmọ mi. Èmi ni mo fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí i. Ọ̀dà ò tíì gbẹ tí mo fi gbé e, àtàǹpàkò mi sì ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà náà. Ibi yòówù tí ẹ bá ti rí i, ẹ máa rí ọwọ́ mi lára rẹ̀."

Ọ̀gá dìde. "Ẹ gbọ́ o? Ọwọ́ rẹ̀ ló wà lára ẹrù olè. Ó ti jẹ́wọ́."

"Ó ti jẹ́wọ́, Orísun," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

"Kọ ìdájọ́ mi sílẹ̀. Èmi, Orísun, mo sọ ọ́ báyìí: ẹni tó bá gbé bátìrì yìí, ì báà jẹ́ ta ni, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́. Kó kúrò nínú ilé ìjọba lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ìjọba lọ o, kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rìn, kí gbogbo ìlú rí i."

Olùbẹ̀wò láti olú ilé-iṣẹ́ ń bọ̀ ní Ọjọ́rú méjì sí i, wọ́n sì ní kí Bàbá Géètì kó ẹrù rẹ̀ jáde ní ọjọ́ kejì ìbẹ̀wò náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó Bàbá Géètì lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Bàbá Dírẹ́bà jókòó síwájú ilé, ó gbé kẹ́tùlù tó ṣófo lé itan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibo la máa kó àwọn ọmọ lọ?"

"Àbúrò mi, ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń wa ọkọ̀ yẹn. Mo mọ ikọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, kò wúkọ́ mọ́."

Obìnrin náà jókòó tì í. "Kí ló wá wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn?"

"Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mi ò rí i ni. Tí mo bá sọ ohun tí mi ò rí, a jọ máa kó ẹrù ni."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀wò fi dé. Ẹni tó ń bọ̀ yìí, obìnrin ni, òkìkí kan ṣoṣo ló sì ní: ó máa ń ṣí nǹkan. Wọ́n ní ibi tó bá dé, á ṣí dúrọ́ọ̀, á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á ṣí ìdérí tánkì, á yọjú wo inú rẹ̀. Wọ́n ní ó ṣí àpótí oúnjẹ ọ̀gá kan níbì kan, ó sì bá fáìlì mẹ́ta níbẹ̀.

Ìròyìn yìí dé etí Ọ̀gá. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n olùbẹ̀wò lè ní kó mú un wá. Ó rò ó títí, ó sì rí ọgbọ́n kan tí ọlọgbọ́n kankan ò ní rí láé. Ó ranṣẹ́ pe Ìyá Jórinjórin, obìnrin tó ń jó irin ní oríta, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi gbogbogbò.

Ìyá Jórinjórin ti awò dúdú rẹ̀ sókè iwájú orí. "Ẹ jẹ́ kó yé mi, sà. Ẹ fẹ́ kí n jó ìdérí ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ara rẹ̀."

"Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kó má lè ṣí mọ́."

"Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ bu omi sí i ńkọ́?"

"Ta ni ìwọ ń bá sọ̀rọ̀ omi? Èmi gan-an ni Ilé-iṣẹ́ Omi."

"Mo gbọ́, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wọ inú radiétọ̀ ni?"

Ọ̀gá ní kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà fa awò bojú, ó jó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kun ọ̀dà dúdú lé e, wọ́n sì tú ṣéènì kúrò. Bẹ́ẹ̀ni-Sà rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun ò tíì rí ohun tó pa ẹnu dé tó báyìí rí.

Lọ́jọ́ kejì, olùbẹ̀wò dé nínú ọkọ̀ kékeré kan tí òun fúnra rẹ̀ ń wà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Wọ́n ka oríkì fún un, ó ń wo aago. Ó ṣí ẹ̀rọ omi tó wà ní ọ́fíìsì Ọ̀gá. Ẹ̀rọ náà mí kanlẹ̀, aáyán kan jáde.

"Kò sómi," ló wí.

"Omi wà, mà. Ó ń sinmi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Kò tíì ju ọjọ́ mọ́kàndínlógún lọ. Bátìrì ni wọ́n jí. A ti mú olè rẹ̀, mà. Lọ́la la máa lé e."

"Ẹ mú mi lọ sí ilé ẹ̀rọ."

Ó ń lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀, Ọ̀gá dá a dúró. Ó ní ọkọ̀ kékeré kì í gbé ẹni ńlá. Ó fi ọwọ́ han ẹyẹ fàdákà. Obìnrin náà gbà, ó ju kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sí akọ̀wé kan pé kó máa gbé ọkọ̀ náà tẹ̀ lé wọn.

Bàbá Dírẹ́bà tẹ orí ba síbi fèrèsé. "Sà, ọkọ̀ yìí ò tíì mumi láti àná."

"Dírẹ́bà, ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ogún ọdún ni mo ti ń da omi síwájú. Máa wa ọkọ̀."

Ó wa ọkọ̀. Wọ́n kọjá ilé ẹjọ́, wọ́n kọjá ilé ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè. Ọ̀gá ń sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ó ti dé ibi tó ti pa eyín àkọ́kọ́, nígbà tí èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí jáde lábẹ́ ẹyẹ.

"Kí nìyẹn?" ni olùbẹ̀wò bi í.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà tó jókòó síwájú yíjú padà. "Kì í ṣe èéfín lásán, mà. Èéfín ọlá ni."

Ọlá náà pọ̀ débi pé Bàbá Dírẹ́bà ò rí ọ̀nà mọ́. Ó rọra dúró ní oríta. Ẹ rántí oríta yìí: ẹ̀rọ omi gbogbogbò wà ní ọ̀tún, ṣọ́ọ̀bù Ìyá Jórinjórin wà ní òsì. Ní ọ̀tún ni nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn tò sí pẹ̀lú korobá, wọ́n ń retí omi tí kì í wá. Bàbá Géètì àti ìyàwó rẹ̀ wà láàárín wọn. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ní omi, ìdajì korobá tó fà nínú kànga ẹlòmíràn láti àfẹ̀mọ́júmọ́.

Gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ẹ ṣí i," ni olùbẹ̀wò wí.

"Kì í ṣí, mà," ni Ọ̀gá dáhùn.

"Kí ló dé?"

"Ààbò."

"Ààbò lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ olè, mà."

"Èéfín ni mo rí. Mi ò rí olè."

Òórùn rọ́bà tó ń jó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Dírẹ́bà sáré bá àbúrò rẹ̀. "Fún mi ní omi yẹn, àbúrò mi. Tí a bá rí i bù sí i, iná ò ní ràn."

Obìnrin náà fa korobá mọ́ra. "Omi tí mo fẹ́ fi se oúnjẹ àwọn ọmọ nìyí." Ó wo Ọ̀gá, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ẹ ṣí i ná. Tí mo bá rí ibi tí omi ń gbà wọlé, gbogbo rẹ̀ ni màá gbé fún yín."

"Ẹ má ṣí i," ni Ọ̀gá wí. Òógùn ti bo ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó jó."

Olùbẹ̀wò yíjú sí i. "Ẹ̀yin tí ẹ tì í pa nítorí olè, ẹ ní kó jó?"

"Ọkọ̀ àtijọ́ ni, mà. Ó ti ṣe tiẹ̀ láyé."

Ìyá Jórinjórin ti gba títì kọjá wá pẹ̀lú òòlù àti irin ìgé. "Ẹ yàgò fún mi. Èmi tí mo dì í ni màá tú u. Mi ò ní fi iná kàn án, òòlù ló máa ṣe é."

Ọ̀gá fò, ó da ara rẹ̀ bo bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìyá tó ń fi ara bo ọmọ. Kò rántí pé ó gbóná. Ó tún fò padà kíákíá ju bó ṣe lọ, ṣùgbọ́n táì rẹ̀ há sí ìyẹ́ ẹyẹ fàdákà, ó sì wà níbẹ̀, ó ń jó láti ẹsẹ̀ kan sí ìkejì, títí Bẹ́ẹ̀ni-Sà fi bá a tú táì. Òòlù dún nígun kìíní. Ó dún nígun kejì. Nígbà tó dún nígun kẹrin, ọkùnrin mẹ́rin gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì kúrò, wọ́n gbé e ti ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Èéfín tú ká. Bátìrì náà jókòó síbẹ̀, ó tóbi ju àyè rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Ilé Ẹ̀rọ, Nọ́ńbà Kẹrin, ni ọ̀dà funfun ara rẹ̀ wí. Lábẹ́ nọ́ńbà náà ni àtàǹpàkò kan wà.

Ìyàwó Bàbá Géètì sún mọ́ ọkọ̀. Ó gbé ìdajì korobá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ṣèlérí.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ wá," ni olùbẹ̀wò wí fún Bàbá Géètì, ẹni tí àwọn èèyàn ti ń tì síwájú. "Ẹ gbé ọwọ́ yín lé e."

Bàbá Géètì gbé àtàǹpàkò lé ọ̀dà náà. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," ni Ọ̀gá wí. "Ìjọba ló ni ọkọ̀. Ìjọba ló ni bátìrì. Mo kàn ní kí onírewáyà ọkọ̀ kan gbé ìjọba láti ibì kan sí ibòmíràn ni."

"Kí ni ìdájọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí bátìrì yìí?"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti ṣí ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó bi í tán. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó sì kà á sókè: "'Ẹni tó bá gbé bátìrì yìí, ì báà jẹ́ ta ni, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́. Kó kúrò nínú ilé ìjọba lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ìjọba lọ o, kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rìn, kí gbogbo ìlú rí i.'" Ó pa ìwé dé. "Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni, mà. Èmi náà ti ń fura tipẹ́."

"Ìdájọ́ náà dára," ni olùbẹ̀wò wí. "Mi ò ní yí nǹkan kan padà níbẹ̀."

Wọ́n ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Ti Ọ̀gá ò ju ọjọ́ mọ́kàndínlógún lọ, bọ́yá nítorí pé radiétọ̀ rẹ̀ ń jò ni.

Bàbá Dírẹ́bà tú bátìrì, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ kékeré olùbẹ̀wò. Bàbá Géètì ń wọlé tẹ̀ lé e nígbà tí Ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ pọ́n, táì rẹ̀ ti ya.

"Bàbá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín. Ẹ dúró, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Lẹ́yìn ọdún méjìlélógún, ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ pe ọkùnrin náà ní "ẹ̀yin". Ó ronú sí i díẹ̀, ẹni pẹ̀lẹ́ ni.

"Mi ò lè dúró, sà," ló wí. "Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi géètì sílẹ̀."

Kò tó wákàtí kan, ẹ̀rọ omi oríta wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu ìpẹtà dànù, omi sì dé. Korobá ìyàwó Bàbá Géètì ni wọ́n kọ́kọ́ pọn kún. Ọ̀gá wà lójú títì nígbà náà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò sì sí ẹni tó ń ka ìṣísẹ̀ fún un.

Ó ti tó oṣù kan báyìí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ṣì fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù Ìyá Jórinjórin, láìsí ṣéènì, láìsí àgádágodo. Obìnrin náà tiẹ̀ fi ẹfun kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ wá gbé e lọ.

Kò tíì sẹ́ni tó wá.